Kọ́tábáàkì tó ń ṣubú: ṣé òun ni, àbí àwọn tó yí i ká?

Bàbá kan kọ̀wé sí mi láti Houston. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16, òun ni kọ́tábáàkì ilé ẹ̀kọ́ wọn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó kọjá, eré 10 ni wọ́n ṣe, wọ́n borí nínú 8, gbogbo ènìyàn ló sì ń pe orúkọ rẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n ti ṣe 6, wọ́n ti pàdánù 5, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í là á mọ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ sìgbọnlẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ níjọ́sí ti parí ilé ẹ̀kọ́. Kóòṣì wọn ti ń sọ pé òun lè fi í jókòó. Àbúrò mi tó máa ń wo NFL, líìgì ńlá eré náà, dáadáa ní kọ́tábáàkì gidi kì í ṣàwáwí, pé ẹnikẹ́ni ni Brady àti Mahomes, àwọn kọ́tábáàkì olókìkí, fi ń borí. Ẹni tí mò ń sanwó fún láti kọ́ ọ ní jíjù ní kí n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ náà kì í jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ bá mi sọ òótọ́, ṣé òun ni, àbí àwọn tó yí i ká?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í jẹun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló sì dá mi dúró jù. Ọdún 14 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Texas níbí, kì í sì í ṣe kọ́tábáàkì ni mo kọ́. Àwọn ọmọ sìgbọnlẹ̀ iwájú ni tèmi, àwọn tí èrò ìwòran kì í mọ orúkọ wọn àfi ìgbà tí wọ́n bá ṣe àṣìṣe. Ibi tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gba ohun tí mo bá sọ. Mo rò pé ìbéèrè yín ya ohun méjì tí kì í ṣe é yà. Àwọn tó yí kọ́tábáàkì ká kì í kàn ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Wọ́n máa ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ní ìwà, ìwà rere tàbí ìwà búburú, ìwà náà a sì bá a lọ síbi tó bá ń lọ. Síbẹ̀ apá kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó kéré ju bí àbúrò yín ṣe rò lọ, ó sì tóbi ju bí ẹ̀yin bàbá rẹ̀ yóò ṣe fẹ́ lọ.

Kí n tètè la eré náà yé àwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ènìyàn 11 ló ń kojú ènìyàn 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti gbé e rìn yáàdì 10 síwájú. Ní ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín yóò ju bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn sí kọ́tábáàkì, kọ́tábáàkì ni yóò sì pinnu: ṣé kí ó fún ẹni tí yóò gbé e sáré, ṣé kí ó jù ú sí rìsífà tó ti sá lọ síwájú, àbí kí òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Àwọn márùn-ún dúró bí ògiri níwájú rẹ̀, iṣẹ́ wọn kò ju pé kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má tó o. Ẹni tó bá ti gbọ́ dùndún rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún un. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń náwó fún, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá ṣì í lù, tí kẹríkẹrì bá ń fà sẹ́yìn, onílù tó gbọ́ oríkì jù láàárín ìlú yóò dà bí akólòlò.

Àbúrò yín ń ka iye ìgbà tí kọ́tábáàkì borí. Òun nìkan kọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n náà ń kà á bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kọ́tábáàkì nìkan ló jáde wá sí pápá. Ẹ wo kọ́tábáàkì Peyton Manning ní Denver. Ní sáà 2013 ó ju bọ́ọ̀lù tó di touchdown, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé inú ilé alátakò, nígbà 55, ó jù ú rìn yáàdì 5,477, kò sì sí ẹni tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí nínú líìgì náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì 606. Nígbà tí wọ́n dé Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì náà, ní oṣù kejì ọdún 2014, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sẹ́yìn sí i gba orí rẹ̀ kọjá lọ sínú ilé wọn, Seattle sì gba àmì nígbà tí eré kò tíì pé ìṣẹ́jú kan. Ariwo èrò pọ̀ débi pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn. 43 sí 8 ni wọ́n fi nà wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ara ọkùnrin kan náà ti ń wó lọ. Ní sáà 2015, touchdown 9 péré ló jù, àwọn alátakò sì gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà 17. Wọ́n tilẹ̀ fi í jókòó láàárín sáà. Sáà yẹn gan-an ni ó gba ife. Ikọ̀ ìdènà Denver ló gbé e dé ibẹ̀, nínú Super Bowl náà Von Miller tiwọn sì gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ kọ́tábáàkì Carolina lẹ́ẹ̀mejì, 24 sí 10. Tí ẹ bá ń ka ìborí, Manning tí agbára rẹ̀ ti tán dára ju Manning tó wà lójú ọpọ́n lọ. Kò sí ẹni tó mọ eré yìí tí yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Brady, òtítọ́ ibẹ̀ kò lọ sí apá kan, ó sì yẹ kí n fi gbogbo rẹ̀ hàn yín. Ní 2007, ẹgbẹ́ rẹ̀, New England, borí nínú gbogbo eré 16 tí wọ́n ṣe kí ìdíje ìparí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, nínú eré àkọ́kọ́, orúnkún Brady já. Wọ́n fi Matt Cassel rọ́pò rẹ̀, ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ eré kankan ní ipò kọ́tábáàkì láti ìgbà tó ti kúrò ní girama, nítorí pé ẹ̀yìn àwọn kọ́tábáàkì mìíràn ló jókòó sí ní yunifásítì. Eré 11 ni wọ́n borí pẹ̀lú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ilé tí wọ́n kọ́ sí New England dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo Indianapolis, ibi tí Manning wà kó tó lọ sí Denver, ní 2011, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ọrùn kò jẹ́ kí Manning ṣeré rárá. Ní ọdún tó ṣáájú wọ́n ti borí nínú 10. Láìsí i, eré 13 àkọ́kọ́ ni wọ́n pàdánù léra léra, 2 péré ni wọ́n sì borí nínú 16. Àárín ilé méjì yìí ni òtítọ́ wà. Níbì kan, ọkùnrin náà ni ọ̀kan lára òpó. Níbòmíràn, gbogbo òrùlé ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ìgbà tí Brady wá lọ sí Tampa ní 2020 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi, torí pé ó gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì níwọ̀n bí ayé bá ti lè gé e. Ní 2019, kọ́tábáàkì tó wà níbẹ̀, Jameis Winston, ju touchdown 33, àwọn alátakò sì gba bọ́ọ̀lù 30 mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà borí nínú 7. Àwọn rìsífà ńlá méjì, Mike Evans àti Chris Godwin, kò lọ síbì kankan. Nígbà tí Brady dé, touchdown di 40, èyí tí wọ́n gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ di 12, wọ́n sì gba ife. Àbúrò yín yóò ní, ẹ ò rí i bí? Mo rí i. Bọ́ọ̀lù 18 tí kò bọ́ sọ́wọ́ alátakò mọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú Brady. Ṣùgbọ́n kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan, wọ́n ti mú Tristan Wirfs wá sí apá ọ̀tún ògiri rẹ̀, wọ́n ti bá a pe Rob Gronkowski padà, ikọ̀ ìdènà ibẹ̀ sì le. Ọkùnrin tó ti pé ọdún 42 fi ojú àgbà yan ilé tó ti ní òrùlé. Ìyẹn pàápàá ọgbọ́n ni.

Ẹgbẹ́ tí Brady nà lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, Kansas City ti Mahomes ni. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló ń dáhùn fúnra rẹ̀ níbí. Àwọn méjèèjì tó máa ń ṣọ́ ìkángun ògiri Mahomes, Eric Fisher àti Mitchell Schwartz, ti fara pa, wọn kò sí lórí pápá. Mo jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé mi, nígbà tó di ìdajì eré mo pa ìwé náà dé. Ọmọ náà ń sá kiri bí ẹni tí oyin ń lé, ó ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ ti ń ṣubú lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì ń kan ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kó bọ́. 31 sí 9. Touchdown kan ṣoṣo kò sí nínú àmì 9 yẹn. Ẹni tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló fi ń borí nìyẹn o. Ohun tí Kansas City ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi ọkàn sí. Wọn kò wá kọ́tábáàkì mìíràn. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí àwọn tó ṣe àṣekágbá. Ní ọdún 2022 wọ́n tilẹ̀ ta Tyreek Hill, rìsífà wọn tó yára jù, fún Miami. Ní oṣù kejì ọdún 2023 wọ́n pàdé Philadelphia nínú Super Bowl, ẹgbẹ́ tó ti la àwọn kọ́tábáàkì mọ́lẹ̀ nígbà 70 nínú sáà yẹn. Lọ́jọ́ náà, wọn kò la Mahomes mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 38 sí 35, ife wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún pàdé. Ògiri Kansas City ti ya, wọ́n ti gbé Joe Thuney kúrò ní ipò rẹ̀ láti fi dí àlàfo apá òsì. Ìgbà 6 ni wọ́n la Mahomes mọ́lẹ̀, 40 sí 22. Ọkùnrin kan náà ni, ọwọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, nítorí láti orí ìjókòó òkè ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ kọ́tábáàkì, ó ní bí ìṣẹ́jú àáyá 2.5 kí ó tó yẹ kí bọ́ọ̀lù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ó ń gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ rìsífà àkọ́kọ́ sí èkejì, sí ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni aago rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti balẹ̀, ó yẹ kí rìsífà àkọ́kọ́ ti fẹ́ yíjú padà, kódà ó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí ẹni náà kò tíì dé. Tí rìsífà bá fi ìṣísẹ̀ méjì ṣe àìtọ́, bọ́ọ̀lù tó péye yóò bọ́ sọ́wọ́ alátakò, èrò yóò sì bú kọ́tábáàkì. Tí ọmọ tó ń ṣọ́ apá òsì bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, kọ́tábáàkì tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún kò ní rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àfi ìgbà tó bá dùn ún. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń náwó lórí apá òsì yẹn. Ní 2023, Aaron Rodgers, kọ́tábáàkì àgbà tí New York Jets gbà, ṣe ìgbìyànjú mẹ́rin péré kí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ tó já nígbà tí wọ́n là á mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún máa yan ọmọ tuntun ní 2024, Olumuyiwa Fashanu ni wọ́n yàn, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti wá, ipò 11 nínú gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni láti ṣọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Apá tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín wá kàn báyìí. Ìlú yín Houston ti rí i rí. Nígbà tí Texans, ẹgbẹ́ ìlú yín, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, David Carr ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ọmọ tó jáde lọ́dún yẹn. Wọ́n ti mú Tony Boselli, ọ̀kan lára àwọn tó dára jù láyé nínú iṣẹ́ apá òsì, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ kò gbà á láyè, kò ṣeré kan ṣoṣo fún wọn. Ìgbà 76 ni wọ́n la Carr mọ́lẹ̀ nínú sáà àkọ́kọ́ yẹn, títí di òní kò sí kọ́tábáàkì mìíràn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú sáà kan. Láàárín ọdún márùn-ún ó di 249. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò tún rí ibi tó ti jẹ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìbá di akọni ká ní ògiri rẹ̀ dúró, òun náà a sì máa di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n níbo ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́? Sam Darnold, tí Jets yàn ní ipò kẹta ní 2018, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 tí New England ń nà wọ́n 33 sí 0, ẹ̀rọ ohùn tó wà lára rẹ̀ gbọ́ ọ tó ń sọ pé iwin ni òun ń rí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 2024, ó dé Minnesota, ó bá rìsífà Justin Jefferson àti kóòṣì tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò eré fún un, wọ́n borí nínú 14 nínú eré 17, ó ju touchdown 35. Lẹ́yìn náà, nínú ìdíje ìparí sáà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Rams, ògiri náà wó, wọ́n là á mọ́lẹ̀ nígbà 9, ojú rẹ̀ sì tún dà bí ti ọmọ ọdún 2019.

Mo ti rí iwin yẹn lójú ọmọ tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kan, ọmọ tó ń ṣọ́ apá òsì wa fi ọrùn ẹsẹ̀ yí. Ọmọ ọdún 15 kan tó jẹ́ pé fèrè ńlá ló ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ títí di ọdún tó ṣáájú ni a fi sí ipò rẹ̀. Ó gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi ń jáde lójú rẹ̀ láàárín eré, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi. Nígbà tó di eré kẹta, mo ń wo fídíò kọ́tábáàkì wa lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì dá a dúró síbì kan. Lójú ibẹ̀, ògiri dúró. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọmọ náà ní yáàdì mẹ́ta. Rìsífà wà ní òun nìkan ní apá ọ̀tún, ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ojú kọ́tábáàkì kò sì wo iwájú. Ó ń wo èjìká àwọn tó ń jà níwájú rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti gbé kúrò nílẹ̀, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó dúró lórí iyanrìn gbígbóná. Ó sá jáde, wọ́n sì mú un. Níbi ìpàdé àwọn kóòṣì lọ́jọ́ Àìkú, olórí wa ní ọmọ náà ti di ojo. Mo mọ̀ pé ojo kọ́ ni, mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù náà, ipò tí mo ń kọ́ sì ni. Mo dákẹ́. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Nígbà tí ọmọ apá òsì wa padà, ó tó eré mẹ́rin sí i kí gìgísẹ̀ kọ́tábáàkì náà tó tún balẹ̀.

Ó ṣeé wò sàn, ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́tábáàkì Steve Young ni mo máa ń rántí. Ní Tampa, láàárín 1985 sí 1986, ó bẹ̀rẹ̀ eré 19, ó borí nínú 3. Touchdown 11, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ 21. Wọ́n tà á fún San Francisco ní 1987. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1995, ó ju touchdown 6 nínú Super Bowl kan ṣoṣo, Jerry Rice sì wà níbẹ̀ tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ibi tó lọ nìkan ló tún un ṣe. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jókòó lẹ́yìn Joe Montana, kọ́tábáàkì àgbà ibẹ̀, tó ń wòran, tó ń kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń bá ojú rìn. Ilé tuntun náà fún un ní àkókò láti kọ́ ohun tí ilé àtijọ́ kò jẹ́ kó kọ́.

Nínú ìjì pàápàá, ẹnìkan wà tó yàtọ̀ sí èkejì, apá tó jẹ́ ti ọmọ yín nìkan sì nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Tennessee la Joe Burrow ti Cincinnati mọ́lẹ̀ nígbà 9 nínú eré kan ní ìdíje ìparí sáà, Cincinnati sì borí, 19 sí 16. Manning ní tirẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ eré rárá, síbẹ̀ ó ṣòroó là mọ́lẹ̀, torí kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ ló ti mọ ibi tí yóò jù ú sí. Mo ti wo fídíò àwọn ọmọ tí wọ́n ní ògiri ló pa wọ́n, tí mo sì rí i pé ògiri ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́ta àbọ̀, ọmọ náà ṣì dúró tó ń wá ohun tó lẹ́wà. Bí kọ́tábáàkì bá di bọ́ọ̀lù mú pẹ́, kò sí ògiri tó lè gbà á là.

Nítorí náà, ẹ gba fídíò àwọn eré 6 yẹn, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi aago inú fóònù yín ka àkókò láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi kúrò tàbí tí wọn yóò fi là á mọ́lẹ̀. Tí ẹni náà bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ẹ kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ àwọn tó yí i ká. Tí ó bá ti ju mẹ́ta lọ tí ibẹ̀ sì ṣófo, ti ọmọ yín ni, ẹ má sì gbè é. Ti àárín méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀, èmi pàápàá kì í mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo mọ ohun tí kóòṣì pè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ìgbìyànjú tí ògiri dúró nìkan. Ṣé ó ṣì ń jù ú bí ti ọdún tó kọjá? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín wà níbẹ̀ digbí. Tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ń gbé kúrò nílẹ̀ níbi tí kò sí ewu, iwin ti ń wọlé, ó sì yẹ kí a tètè lé e. Mo ń sọ èyí láìrí fídíò náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá rí i lè já mi nírọ́.

Ní ti ìjókòó tí kóòṣì ń sọ, mi ò rò pé ó burú tó bí ẹ ṣe gbà á. Eré kan tàbí méjì ní ẹ̀gbẹ́ pápá lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà balẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá sọ fún un pé kì í ṣe ìyà. Ohun tó dára jù ìyẹn lọ ni kí wọ́n yí eré padà fún un: bọ́ọ̀lù kúkúrú tó ń kúrò lọ́wọ́ kíákíá, ẹnìkan sí i tí yóò dúró ti ọmọ apá òsì, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré púpọ̀ sí i kí àwọn alátakò má baà mọ̀ ṣáájú pé jíjù ló ń bọ̀. Bàbá kò lè pàṣẹ èyí fún kóòṣì, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ bá a lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ eré, kí ẹ bi í pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí ó máa ṣe nílé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí?" Ẹ máa gbọ́ nínú ìdáhùn rẹ̀ bóyá ó ti wo fídíò náà dáadáa.

Ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kò wù mí. Ní Texas, àjọ UIL tó ń ṣàkóso eré girama kò gba kí ọmọ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ torí eré. Tí wọ́n bá rí i pé torí rẹ̀ ni, ó lè jókòó fún ọdún kan gbáko láìbá ẹgbẹ́ àgbà ṣeré, ọdún kan yẹn sì ni ó ṣẹ́kù fún un. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní jíjù lè má fi ibi rò, ṣùgbọ́n inú pápá tó ṣófo ló ti ń kọ́ ọ, níbi tí kò sí ẹni tó ń lé e. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ náwó lé e lórí, ẹ ní kí ó wá ọmọ méjì tí yóò máa fi tìmùtìmù gbá a lára bó ṣe ń jù ú, kí ojú rẹ̀ tún kọ́ láti máa wo iwájú. Àwọn tó ń wá ọmọ fún yunifásítì náà kì í ka ìborí bí àbúrò yín ṣe ń kà á. Àwọn tí mo bá pàdé, ẹsẹ̀ àti ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí ni wọ́n máa ń bèèrè.

Ohun kan kò gba sùúrù. Tí ó bá ní orí ń fọ́ òun lẹ́yìn eré, tí ìmọ́lẹ̀ ń dà á láàmú, tàbí tí àìjẹun yẹn bá ń wá pẹ̀lú èébì, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kí ó tó tún wọ pápá, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ì báà sọ. Tí ó bá sì jẹ́ ìbànújẹ́ nìkan, ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ má sọ̀rọ̀ eré àfi tí òun bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ tún bá mi ṣe nǹkan kan. Lára àwọn ọmọ mẹ́ta tuntun tó wà níwájú rẹ̀, ẹ wádìí orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì. Ó ṣeé ṣe kí ó máà tíì pé ọdún 16, kí òun náà máà jẹun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn eré tó ń bọ̀, ẹ pè é lórúkọ, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ọmọ yín sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.